Iṣẹ́ Tí Àǹtí Lilian Kọ́ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀dá Ọlábánjí,

Mo kí yín, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Kánádà. Orúnkún Mọ́mì ti ń san díẹ̀. Wọ́n ti ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. A ti tún òrùlé ilé wa ní Kuje ṣe.

Bọ̀dá, wọ́n ti lé ìyàwó yín, Àǹtí Lilian, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí ò fẹ́ kí ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ti wá.

Àwọn ló mú mi wọ ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń yẹ wẹ́ẹ̀bùsáìtì wò: ká tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ká kọ èyí tí kò ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo wá fi Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ kóòdù kan tó ń ṣí bíráúsà fúnra rẹ̀, tó ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì, tó sì ń jábọ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Mo rò pé mò ń dín wàhálà wọn kù ni. Ọ̀gá wa pàtẹ́wọ́ fún mi. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní kóòdù náà ti gba iṣẹ́ Àǹtí ṣe, kí wọ́n máa lọ sílé.

Mo bẹ Àǹtí pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́ wọn ní Python. Wọ́n ní, "Fúnmi, ènìyàn lèmi kọ́ níṣẹ́. Ìwọ, máa kọ́ ẹ̀rọ ẹ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ má bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n rí ẹni sunkún sí létí. Kí Ọlọ́run pa yín mọ́ nínú òtútù yẹn, kó má sì jẹ́ ká tún fọwọ́ ara wa ba ara wa jẹ́.

Àbúrò yín,
Olúwafúnmilọ́lá