Alùpùpù Bàbá Rẹ Kò Tíì Kú

Ilé wa,
Lẹ́yìn Ìyànà Ìyẹsí,
Ọ̀tà.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Dúrójaiyé ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Àbújá ńbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé oúnjẹ ń ṣe ọ́ lóore? Èmi ìyá rẹ, Fàsílátù, ni mo jókòó kọ ìwé yìí fúnra mi, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀, nítorí náà tí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, má bínú, ọwọ́ ló ń gbọ̀n láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú onílùú kò ní dá ọ dá a níbẹ̀. Wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ bí ọ̀tá. Àmín.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù pé kí n ta alùpùpù bàbá rẹ, mo gbọ́ ọ, mi ò kàn fẹ́ fèsì níbẹ̀ ni, torí fóònù kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán kó tó já. Èsì mi rè é: mi ò tà á. Ó ti di ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí bàbá rẹ ti fi wá sílẹ̀, mi ò sì tíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yẹn dákẹ́. Láti ọjọ́ tí òyìnbó iléeṣẹ́ wọn ní Sàngó ti tà á fún wọn nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gùn ún, wọ́n gùn ún dé Ìlọrin, wọ́n gùn ún dé Jọ́ọ̀sì, wọ́n gbé èmi náà sẹ́yìn dé Kútọnu, tí a kó aṣọ sínú àpótí méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò já wọn kulẹ̀ lójú ọ̀nà rí, torí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kó tó dúdú, búrọ́ọ̀ṣì eyín ni wọ́n sì fi ń fọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ní ọsibítù, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà kú. Wọn ò dárúkọ rẹ, wọn ò dárúkọ èmi náà. Mi ò bínú.

Lóṣù tó kọjá, báǹkì kọ̀wé sínú fóònù bàbá rẹ pé àwọn bá wọn yọ̀ fún ọjọ́ ìbí wọn, pé kí ẹ̀mí wọn gùn. Nínú gbogbo ayé, báǹkì nìkan ló rántí, ìwọ ọmọ tí wọ́n bí kò pè. Mo wọ aṣọ mi tó dára, mo lọ dúpẹ́, mo ní kí wọ́n fi ẹni tó kọ ọ́ hàn mí kí n lè ṣàdúrà fún un. Wọ́n ń wojú ara wọn. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé bàbá rẹ ti ṣaláìsí, ọmọbìnrin kan tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ó ní nítorí ikú wọn, àwọn ti ti àkáǹtì náà pa. Mo mọrírì rẹ̀ pé odindi báǹkì ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ wọn ti ń pẹ́ jù, owó ọ́ìlì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ náà fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ àdírẹ́sì ẹni tó ni alùpùpù, mo kọ itẹ́ òkú ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ìlà kejì lápá ọ̀tún, akọ̀wé wọn dá a padà fún mi. Mi ò mọ ibi tó tún fẹ́ kí n sọ pé wọ́n ń gbé.

Múìdéènì, mẹkáníìkì tó máa ń bá wọn tún alùpùpù náà ṣe, ló kọ́ mi ní ìtọ́jú rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì tó bá ti dàgbà, tí wọ́n bá jẹ́ kó sùn, ìpẹtà á wọnú rẹ̀, bátìrì á kú. Ó ní kí n máa sítáàtì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mo rò ó pé bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ṣe é lóore, wákàtí kan á tún ṣe é lóore sí i, ojoojúmọ́ ni mo sì ń ṣe é. Ó tún ní kí n máa tì í síta kí n tó sítáàtì rẹ̀, pé sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti lu, pé èéfín tó ń gba ibẹ̀ jáde kò dára nínú ilé. Mo wo ojú rẹ̀ títí. Ó fẹ́ kí n gbé e síta kí àwọn tó fẹ́ rà á lè máa yẹ̀ ẹ́ wò ni, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló ti mú ọkùnrin kan wá tó ń fọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀. Èmi kọ́ ni yóò fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ mú. Nínú pálọ̀ tí bàbá rẹ ń gbé e sí náà ló wà, mo sì máa ń ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé nítorí àwọn olè tó ń jí alùpùpù kiri lọ́nà Ìdìròkò.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá ti ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, inú pálọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ. Òórùn yẹn ni mo fi ọgbọ̀n ọdún fọ̀ tí kò lọ, tí mo ń tìtorí rẹ̀ bá wọn jà. Láti bí oṣù méjì báyìí, mo máa ń fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn kó má baà jáde, màá fa àga súnmọ́ ọn, màá máa mí in sínú, màá máa sunkún. Mo fẹ́ràn bàbá rẹ, Dúró. Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ràn wọn tó báyìí.

Ìbànújẹ́ náà ni kò jẹ́ kí ara mi dá. Orí á máa fọ́ mi bíi pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀, èébì á máa gbé mi, òòyì á máa kọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí mo lọ bá ní ìfúnpá mi kò burú, ó bi mí bóyá mò ń ronú, mo ní ọkọ mi kú, ó fún mi ní oògùn ẹ̀fọ́rí. Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú pé ọ̀fọ̀ ni ni pé tí mo bá lọ lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ Nímọ́tà àbúrò mi ní Ilo-Awela, ara mi á le koko, màá jẹun, màá rẹ́rìn-ín, torí mi ò rí ẹrù bàbá rẹ níbẹ̀. Bí mo bá ti padà sílé, ó tún di bákan náà. Adìyẹ mi tó sàba lẹ́yìn àga nínú pálọ̀ pàápàá kú lórí ẹyin rẹ̀, kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Bàbá rẹ ló máa ń fún òun náà ní àgbàdo.

Wàyí o, bá mi wá owó díẹ̀. Owó epo ti tán, owó ọ́ìlì wà lọ́dọ̀ báǹkì tó ń ṣọ̀fọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti káfíńtà. Òórùn bàbá rẹ ń jò gba ojú àjà àti etí fèrèsé jáde, mo sì ti ní kó dí gbogbo rẹ̀ pa. Ó gbà láti ṣe é láwìn, ọ̀la ló máa parí, ó ní atẹ́gùn kankan kò ní rí ojú wọlé mọ́. Má fi owó náà ránṣẹ́ sínú fóònù, èyí tí o fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gba iná sí fóònù náà títí ó fi kún, mi ò rí owó kankan. Fi rán awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá.

Ọlọ́run á bù kún àpò rẹ, kò ní fi ọ́ ṣe ẹni tí wọ́n ń wá. Ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú mi. Ẹ̀mí mi á gùn kí n lè jókòó jẹun nílé tí o bá kọ́.

Awakọ̀ náà ní Sátidé lòun máa gbéra. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí káfíńtà bá ti parí, mo fẹ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrun ọ̀sán, kí èmi àti bàbá rẹ lè jókòó pọ̀ dáadáa. Má wulẹ̀ pè mí lọ́jọ́ náà. Mi ò ní gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fàsílátù.