Ohun Tí Ìwé Kọkànlélọ́gbọ̀n Sọ Nípa Fíìmù Náà

Sátidé, 6 oṣù Karùn-ún, 1972

Mo ti ibi fíìmù dé. Mùsíọ̀ gbìyànjú o. (Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, olùkọ́ èdè Faransé — àwa tí a wà ní ọ́fíìsì ilé-ìwé la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.) Ó yá ẹ̀rọ àti fíìmù láti Ìbàdàn, ó so aṣọ funfun mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, ó pe àwọn òbí àti ará àdúgbò. Àga ò tó.

Ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe. Obìnrin kan gbé aago wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo — ó parí. Ọkùnrin náà ò jẹun mọ́, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó gba yàrá tó kọjú sí fèrèsé obìnrin náà. Ó ń tẹ̀ lé e lọ sọ́jà, ó ń tẹ̀ lé e wọ rélùwéè. Obìnrin ní òun ò fẹ́. Kò gbọ́. Nígbẹ̀yìn, òtútù pa ọkùnrin náà sábẹ́ fèrèsé yẹn, yìnyín sì bò ó. Mùsíọ̀ ń fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀ fún wa títí ohùn fi há. Àwọn ọkùnrin ń sunkún! Àwọn obìnrin ẹ̀yìn mi ń rẹ́rìn-ín. Èmi — ara mi ò kàn balẹ̀ ni.

Ó wá pín bébà. Kí oníkálùkù kọ èrò rẹ̀, kí ó má kọ orúkọ sí i, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Àdíját atẹ̀wé ni yóò fi táìpù tẹ gbogbo rẹ̀ fún pátákó. Ó kéde orúkọ mi lójú gbogbo ayé. Iṣẹ́ ò tán lọ́rùn mi.

Mọ́ńdé, 8

Bébà mẹ́tàlélógójì. Mo fi nọ́ńbà sí wọn.

Ìkínní: "Ìfẹ́ gidi nìyí. A ò ní irú rẹ̀ ní Òṣogbo." Ìkẹrin: "Kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Ẹ fún un lọ́kọ́." (Fẹ̀hìntọlá nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi, olùkọ́ ìṣirò. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀.) Ìkẹsàn-án: "Ṣé kò ní bàbá ni?" Ìkejìlá: "Obìnrin yẹn ló fà á. Kí ló dé tí kò fi aṣọ bo fèrèsé?" — èyí bí mi nínú, mo tẹ̀ ẹ́ débi pé lẹ́tà dá bébà lu. Ìkejìdínlógún: "Fíìmù dára, ṣùgbọ́n àga yín le."

Ó ku ìdajì. Ó di ọ̀la.

Túsìdé, 9

Ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n. Mo ń dà á kọ síbí bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí n má baà sọ lọ́la pé àlá ni mo lá.

"Ọkùnrin yẹn ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ó kánjú. Kò yẹ kí ó jẹ́ kí obìnrin náà rí òun. Èmi náà ní tèmi. Láti ìgbà òjò èṣí ni mo ti ń wò ó. Ó máa ń gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí Òkè-Baálẹ̀ ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Agboòrùn aláwọ̀ ewé, irin rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, á fi bàtà òsì gbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wọlé. Òun ni yóò tẹ ìwé yìí. Kú iṣẹ́ o, Àdíját."

N kò mọ̀ pé mo ń gbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo wọlé, mo jáde, mo tún wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì. Òsì.

N kò tẹ̀ ẹ́. Mo fò ó, mo lọ sí ìkejìlélọ́gbọ̀n.

Wẹ́sìdé, 10

Mo gba ọ̀nà mìíràn lọ síbi iṣẹ́. Mo fi agboòrùn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì láti àná. Òjò pa mí dé egungun.

Jímọ̀, 12

Mo fi ìwé náà han Mùsíọ̀. Inú rẹ̀ dùn! Ó ní, ẹ ò rí i pé fíìmù náà wọ̀ wọ́n lára. Ó fẹ́ kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fẹ̀hìntọlá ò rẹ́rìn-ín. Inú bí i, Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu rẹ̀ — ó ní kí n má dá nìkan lọ ulé mọ́, òun á máa sìn mí.

Èèyàn pọ̀ nídìí pátákó. Ọkùnrin tó bá ti ka ìwé ìkínní tó mirí pé ìfẹ́ gidi nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Mo ti yẹ gbogbo lẹ́tà inú fáìlì wò. Kò sí ẹni tó ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀. Mo ti ń pè é ní Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọkàn mi. Èèyàn á ṣáà ní orúkọ.

Mọ́ńdé, 15

Wọ́n ti tún agboòrùn mi ṣe.

Ibi tí mo fi í kọ́ sí ló wà. Irin tó ṣẹ́ ti tọ́. Wọ́n fi òwú aláwọ̀ ewé dì í, dídì tó mọ́, bí ẹni di egbò ọmọ. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó wọlé. Irú òwú tí Ìyá ń tà níwájú ilé wa ni.

Túsìdé, 16

Mo bi Ìyá léèrè ta ló ra òwú aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò yẹ kí n tíì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú mi ti rù jù.

Ilé Sànúsí ló ti ń ṣe ìwádìí mi! Rájí Sànúsí mi tó wà ní Kàdúná. Ọdún méjì la ti ń kọ lẹ́tà síra wa, tí a ń retí kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ìyá ní láti oṣù mẹ́ta ni ọ̀dọ́kùnrin kan ti ń wá ní Tọ́sìdé, lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Á kí wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, á ra òwú, á béèrè. Ṣé kò sí wárápá nínú ẹbí? Ṣé mo ń bínú? Aago mélòó ni mo ń jí? Ta ni bàbá ńlá wa? Ìyá dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo ní ṣé ó sọ pé ilé Sànúsí ló rán òun. Wọ́n ní ta ló ń béèrè ìyẹn, ṣé kí wọ́n rò pé ojú ń kán wa láti ta ọmọ ni? Ẹni tó bá wá wádìí ọmọ, èèyàn á ṣe bí ẹni pé òun ò mọ ohun tó bá wá ni. "Ọmọlúàbí" ni wọ́n ń pè é.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Alhamdulillahi. Ṣùgbọ́n irú àwàdà wo ni ti ìwé yẹn?

Tọ́sìdé, 18

Fẹ̀hìntọlá ò gbà. Ó ní ta ló ń ṣe ìwádìí láti ìgbà òjò èṣí. Ó ní kí n kọ̀wé sí Rájí, kí n sì kúrò nílé títí èsì yóò fi dé. Mo ti kọ ọ́. Mo ti gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọmọlúàbí ò wá lónìí — mo jókòó ti fèrèsé títí di àṣálẹ́.

Sátidé, 20

Ìbòkun. Ilé Àǹtí Àpìkẹ́, àbúrò Ìyá. Ọwọ́ ọ̀tún tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká máa gbà wakọ̀ ò tíì mọ́ dẹ́rẹ́bà lára, ẹ̀ẹ̀mẹta la pariwo lé e lórí. Ọkọ Àǹtí wà lóko kòkó, ó di Jímọ̀ kí wọ́n tó wálé. Àwa méjì péré. Mo sùn lọ́sàn-án gangan bí òkú.

Mọ́ńdé, 22

A ń bó obì, mo sọ ìtàn fíìmù yẹn fún Àǹtí. N kò sọ ti ìwé — ojú ń tì mí. Ìwádìí nìkan ni mo sọ, inú wọn sì dùn. Wọ́n gbọ́ ìtàn náà tán, wọ́n wá ní: "Obìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó rí oorun sùn lẹ́yìn ìyẹn?"

Nínú ìwé mẹ́tàlélógójì, kò sí ẹni tó béèrè. Èmi náà ò béèrè. Fíìmù ò sì sọ.

Tọ́sìdé, 25

Dẹ́rẹ́bà gbé lẹ́tà wá láàárọ̀ yìí. Ìyá ló ń sọ ọ́, Fẹ̀hìntọlá ló kọ ọ́.

Àwọn ará ilé Sànúsí wá lánàá. Obìnrin méjì, àgbà. Wọ́n bẹ Ìyá pé kí wọ́n má bínú, àwọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kankan, àná yẹn gan-an ni àwọn wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn ò rán ọkùnrin kankan. Àwọn ò mọ Ọmọlúàbí.

Ìyá ní Ọmọlúàbí wá ní Sátidé, kò tíì ju wákàtí kan lọ tí lọ́rì mi gbéra. Ó béèrè mi. Wọ́n sọ ìlú fún un. Wọ́n sọ ilé. Wọ́n sọ orúkọ Àǹtí, wọ́n sọ pé ọkọ wọn wà lóko di Jímọ̀. Wọ́n ní kí n forí jì wọ́n. Kí n máa bọ̀ kíákíá.

Mo ti di ẹrù. Lọ́rì ń kọjá ní aago márùn-ún. Mò ń dúró de Àǹtí kí wọ́n ti ọjà dé, kí n sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ti dé. Mo gbọ́ ohùn wọn lójúde. Wọn ò dá nìkan bọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé ẹ wọlé, ẹ wọlé. Wọ́n ń pè mí kí n gbé omi wá fún àlejò, pé àwọn pàdé rẹ̀ lọ́nà, pé ará ilé ọkọ mi ni.

Ẹnu ọ̀nà kan ni yàrá yìí ní, inú pálọ̀ ló sì já sí. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ohùn tútù. Ó ń ki Àǹtí ní oríkì ìdílé ìyá mi, láti orí bàbá ńlá wa bọ̀ wá sílẹ̀, kò sì ṣì í níbì kankan.