Bọ́tìnnì Pupa Tí Mi Ò Tẹ̀

Akọ̀wé, ọmọ mi tí ó ń fi ìka mẹ́wàá wá oúnjẹ,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ níbi tí o dúró sí. Ìyá rẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ilẹ̀kùn, ewúrẹ́ aládùúgbò sì fara nù ún kí ó tó gbẹ. Ẹni tó ni ewúrẹ́ ń bínú, ìyá rẹ ń bínú, èmi ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tí o sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní ọ̀gá rẹ ní kí o yan sọ́fítíwíà tí yóò máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé iléeṣẹ́ yín sórí téèpù fún Líńọ́ọ̀sì tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà yín, kó tó di ọjọ́ Ẹtì. O ní ẹni tó ṣe é ṣáájú rẹ pàdánù ìwé ọdún kan gbáko, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Bá mi kí Líńọ́ọ̀sì o. O ní tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́, kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ta ni? Ní kó máa sinmi, nítorí àárẹ̀ ló ń fa ìgbàgbé tó fi nílò téèpù.

Nínú sọ́fítíwíà mẹ́ta tí o kà sílẹ̀, ìyá rẹ fara mọ́ ti ọ̀fẹ́, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Èmi fẹ́ràn èyí tó dàgbà jù, tí kò ní àwòrán, tí kì í dáhùn àfi bí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ sí i. Èyí tí àwọn onítáì gbé wá tà, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọ́ pé èwo ló ti dá nǹkan padà fún ọ rí, ńṣe ni o tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye owó wọn fún mi. Ìyẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ṣé o rántí téèpù tí a fi gba ohùn ìyá ìyá rẹ sílẹ̀? Odindi ọ̀sán ni màmá fi jókòó lórí àga tí mo kàn fún un, tó ń sọ bí òun ṣe bí ìyá rẹ. Mo fi aṣọ wé téèpù náà, mo tì í mọ́ inú àpótí fún ọdún mẹ́fà, mi ò gbọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí màmá kú, tí a gbé e sínú ẹ̀rọ, ṣíì lásán ni a gbọ́. Mo ní ooru ló bà á jẹ́. Irọ́ ni mo pa. Bọ́tìnnì méjì ló yẹ kí n tẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò tẹ pupa tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ìyá rẹ sunkún, ó ń dùn mí títí di òní.

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó ti kọ́ èrò ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Má wo àwọ̀, má wo ọ̀fẹ́. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé kan tí kò ṣe pàtàkì, pa á rẹ́ níbi tó wà, kí o wá ní kó dá a padà. Èyí tó bá dá a padà láìku ọ̀rọ̀ kan, òun ni kí o mú lọ bá ọ̀gá. Ọkàn mi balẹ̀ pé iṣẹ́ náà kò ní bọ́.

Mo ka lẹ́tà yìí sétí ìyá rẹ kí n tó lẹ àpòòwé. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe ooru, nítorí àwọn téèpù orin tí wọ́n jọ wà nínú àpótí yẹn ṣì ń kọrin. Ó wá fa àga, ó ní òun náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ. Jọ̀wọ́, fi owó téèpù méjì àti bátìrì ránṣẹ́. A ó gbọ́ ọ wò kí ó tó dìde.

Ohun tí o bá tọ́jú kò ní sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí o bá pè é, yóò dá ọ lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ.