Ilẹ̀kùn Kejìlélógójì

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Koko lara mi le. Ẹ ní ṣé mo ti ra bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fọkàn balẹ̀, ohun tí mo ń sùn lé fẹ̀, ó sì gùn jù mí lọ.

Ilé àtijọ́ alájà mẹ́ta la wà báyìí. Ọ̀gá mi fẹ́ ṣírò iye owó tí wọn yóò fi pààrọ̀ àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, èmi ni mo ń fi téèpù wọ̀n wọ́n. Lánàá, ẹnu ọ̀nà jẹ́ méjìlélógójì, ilẹ̀kùn jẹ́ mọ́kànlélógójì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kà.

Ọ̀gá ní, "Ṣé ilẹ̀kùn lẹ́sẹ̀ ni?"

Wọ́n wá a títí dé yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ní kí n máa gbé. Wọ́n ká ẹní mi sókè, òun nìyẹn lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sùn lé e, mo ti gbàgbé pé ilẹ̀kùn ni. A rẹ́rìn-ín títí.

"Máa sùn lé e lọ," ni wọ́n wí. "Òun la máa pààrọ̀ kẹ́yìn."

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn náà, kò gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́.

Èmi ọmọ yín