Wọ́n Ní Kí Ọmọ Inú Ìtàn Náà Kú

Olóòtú ètò orí rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Ọkọ mi, tó ń tún bàtà ṣe, kọ ìtàn kan nípa ọmọbìnrin wa tí ibà pa. Nínú ìtàn náà, ara ọmọ yá, ó padà sílé ìwé. Ọkọ mi fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn tó ń tẹ ìtàn jáde, àmọ́ òun náà kú kí èsì tó dé.

Wọ́n ní àwọn máa tẹ̀ ẹ́, bí mo bá gbà kí ọmọ náà kú níparí, torí yíyè rẹ̀ kò jọ òótọ́.

Àbúrò ọkọ mi ní, “Ìyàwó wa, ẹ gbà, kí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi má parẹ́.”

Inú ìtàn yẹn nìkan lọmọ mi ti wà láàyè. Ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ mi, ṣé kí n gbà?