Ọjọ́ Mẹ́fà Pẹ̀lú Bàámi Létí Òkun

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹjọ

A dé. Ara ń ro mí láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ nínú ọkọ̀! Ilé tí a gbà kò ju àpótí lọ, ògiri tutù, iyanrìn ti gun orí bẹ́ẹ̀dì ṣáájú wa.

Kò sẹ́ni tó rí òkun rí nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ mi — Ìbéèrè ni mò ń pè é, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi — bu omi náà sẹ́nu, ó tu ú dànù, ó ní ta ló da iyọ̀ sí i. Bàámi dúró, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Irú odò wo ni èyí tí kò ní òdìkejì?" Ni wọ́n bá pa dà wá yẹ ilẹ̀kùn ilé wò. Ogún ọdún tí wọ́n ti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀, ọwọ́ wọn ò tíì fi í sílẹ̀. Wọ́n ní iyọ̀ ti jẹ híńjì rẹ̀ tán.

Wọ́n rò pé ìsinmi la wá ṣe. Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, torí mi ò lè fẹnu sọ ọ́: lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a máa fi wọ́n sílẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà yìí. Èmi àti Ìbéèrè nìkan la máa pa dà sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Òjò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Bàámi bi mí pé ta ló ni ilé yìí.

Ọjọ́rú, 5

Ọ̀gá Tẹlifóònù pè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni — ọ̀nà jíjìn ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń pàṣẹ. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún Bàámi. Ó ní tí a bá ti débẹ̀, kí n ní mò ń lọ ra búrẹ́dì, kí n máa bá tèmi lọ. Búrẹ́dì! Fún bàbá tó bí wa! Ó ṣe mí bíi kí n bú u, àmọ́ ẹ̀gbọ́n lẹ̀gbọ́n ń jẹ́.

Ṣé ọwọ́ tèmi náà mọ́? Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń jáde lọ sí yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó dé. Bàbá ọmọ ti lọ, kò sẹ́lòmíì nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàámi tan gáàsì tí wọ́n sì jáde lọ. Lóṣù tó kọjá, ọlọ́pàá ló mú wọn wálé, láìwọ bàtà. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èmi ọmọ òkété rèé, ọmú ti gbẹ láyà mi.

Lọ́sàn-án mo dọ́gbọ́n lọ wo yàrá tí wọ́n máa fún Bàámi nílé ìtọ́jú náà. Bẹ́ẹ̀dì tóóró, fèrèsé kan, irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìgbọ̀nsẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kí n rán orúkọ Bàámi mọ́ gbogbo aṣọ wọn, kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì níbi ìfọṣọ. Èmi tí mò ń fọṣọ jẹun, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo pa dà délé, mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo jókòó sórí korobá, mo ń rán. Síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Ṣòkòtò mẹ́rin. Fìlà.

Ọjọ́bọ̀, 6

Àṣírí ti tú.

Bàámi wẹ̀ tán láàárọ̀, wọ́n jáde tàwọn ti síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. "Kí lorúkọ mi ń ṣe lára aṣọ mi? Ṣé iléèwé lẹ fẹ́ mú mi lọ ni?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo sọ gbogbo ẹ̀.

Orí wọn pé lónìí, ó pé ju tèmi lọ. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra etí igi rẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tó ti là. Wọ́n ní, "Ṣé mo ti yọ yín lẹ́nu tó yẹn?" Wọ́n ní àwọn náà mọ̀ pé orí àwọn ò gba nǹkan dúró mọ́. Wọ́n gbà. Ohun kan péré ni wọ́n bẹ̀ mí. "Má yọ́ lọ o. O ò jalè. Kúnlẹ̀, dágbére fún mi, kí n súre fún ẹ, kó o tó máa lọ."

Mo ṣèlérí. Oorun tí mi ò rí sùn láti ọjọ́ Ajé, ọ̀sán yìí ni mo sùn ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Wọ́n ti gbàgbé.

Nídìí tíì ni wọ́n ti ní, "Ọ̀la là ń lọ sílé, àbí? N óò bá ẹ tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná yẹn ṣe." Èmi òpònú, mo tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò gbà. Wọ́n sunkún. Mi ò rí ẹkún Bàámi rí, àní nígbà tí ìyá wa kú. "Kí ni mo fi ṣe ẹ́?" Ohun tí wọ́n ń sọ ṣáá nìyẹn.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti gbàgbé ẹkún náà. Wọ́n tún bi mí: ṣé ọ̀la là ń lọ sílé? Mo lanu. Ìbéèrè di aṣọ mi mú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn mọ́." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi, ọ̀la ni." Inú wọn dùn.

Wọ́n gbà fún mi lánàá, èmi nìkan ló sì kù tó mọ̀.

Ọ̀gá Tẹlifóònù fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: Rántí búrẹ́dì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ìbéèrè ń sùn, tàbí ó ń díbọ́n.

Mi ò dárúkọ búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì àgbà to aṣọ wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, Bàámi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n káwọ́ lé orúnkún. Mo kúnlẹ̀ lórí síméńtì. Mo ní, "Bàámi, mò ń lọ o. Mo wá dágbére."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n súre — ìre gidi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é látijọ́: ọ̀nà á là, ẹ ò ní pàdé àgbákò, ayọ̀ lẹ máa bá nílé. Mo ń ṣàmín, omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní ọpẹ́ o, ìlérí ṣẹ.

Wọ́n wá fà mí dìde, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá kí mi, ìyáàfin. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ bá mi kí bàbá yín o."

Mo ní wọ́n á gbọ́.