Ife Ẹnu Ọ̀nà

Etí Adágún Razim,
Romania.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 1998.

Ustinia, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Sorin ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé èjìká tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo mọ̀ pé òtútù etí òkun Constanța kì í ṣeré. Jọ̀wọ́, máa wọ ìbọ̀sẹ̀ tí mo hun fún ọ, má kàn kó o sínú àpótí. Ara tèmi le, ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ tí o kò fèsì, mi ò sì bá ọ wí.

Ọ̀rọ̀ ife yẹn ni.

Lọ́jọ́ tó pé ogójì ọjọ́ tí Màmá kú, tí ilé kún, tí o lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò níbi tí o máa ń jókòó láti kékeré, ife tánganran ẹnu ọ̀nà ni mo bu tíì sí fún ọ. Ife àlejò! Èyí tí èmi àtìwọ máa ń fi eérú fọ̀ lọ́tọ̀ bí àwọn oníbàárà ẹja bá ti mumi nínú rẹ̀ tán, torí wọn kì í ṣe Onígbàgbọ́ ìlànà àtijọ́ bíi tiwa, ẹnu wọn ò sì gbọdọ̀ kan ife wa.

Ojú Ìyá Marfa ló fà á. O mọ̀ pé nígbà tí mo wá kí yín lọ́dún tó kọjá, mo bá yín jẹun nínú abọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ni fún wa láti ìgbà tí o ti fẹ́ Sorin tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Bí mo ṣe délé, Ìyá Marfa tó ń ṣáájú àwa obìnrin nínú àdúrà gbọ́, wọ́n sì ní kí n máa dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà fún ogójì ọjọ́. Kò tán síbẹ̀. Bí mo bá ń lọ pọn omi, àwọn obìnrin á máa ké lẹ́yìn mi pé, "Anfisa, ẹ kú àdúrà o! Ìka mélòó lẹ fi ṣe àmì àgbélébùú láàárọ̀ yìí? Àbí ẹ ti pa méjì tiwa tì, ẹ ń fi mẹ́ta ṣe é bíi tàwọn àna yín?" Ìtìjú yẹn wọ̀ mí lára ju bí mo ṣe sọ fún ọ lọ. Nígbà tí mo rí Ìyá Marfa tí wọ́n jókòó síwájú mi lọ́jọ́ náà, ife yẹn ni ọwọ́ mi lọ bá.

O wò ó. O ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." O mu ún tán, o fi eérú fọ̀ ọ́, o dojú rẹ̀ dé síbi tí mo ti mú un, o sì lọ wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán. Ká ní o bú mi ni, ìbá sàn.

Lánàá, mo mú ìborùn Màmá lọ fún Ìyá Marfa. Mo rò pé wọ́n á yìn mí nítorí ife yẹn.

"Anfisa, ọmọ Fedosia ìyá ẹ lo gbé ife àlejò fún? Nínú ilé tí wọ́n bí i sí?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ fìyà jẹ mí torí pé mo bá a jẹun."

"Ìwọ ni mo fìyà jẹ! O ṣẹ̀, mo bá ọ wí bí mo ṣe máa bá ọmọ mi wí. Ṣé mo wá ní kó o sọ ọmọ ìyá ẹ di ará ìta ni? Ẹni tó ṣìnà, ṣé kò nílé ni? Orí ẹ pé ṣá?"

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn dá mi lẹ́jọ́, mo sì lọ gbé ẹjọ́ náà lé ọ lórí, ìwọ tí o ò ṣẹ̀ mí. Ó dùn mí, Ustinia.

Ife amọ̀ rẹ, èyí tó ní ẹyẹ lára tí etí rẹ̀ ti kán, ṣì wà láàárín tèmi àti ti Màmá. Mi ò lẹ́nu láti ní kí o wá mu nínú rẹ̀. Èmi ni màá wá. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀ ni màá wọ̀, ife náà yóò sì wà nínú àpò mi. Bí o bá ṣílẹ̀kùn, inú abọ́ kan náà la ó tún ti jẹun. Mo ti sọ fún Ìyá Marfa. Wọ́n ní ogójì ọjọ́ mìíràn ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ẹsẹ̀ mi ti mọ ibẹ̀.

Bá mi kí Sorin, sọ fún un pé ẹja gbígbẹ rẹ̀ ń bọ̀. Ìyá Marfa náà ní kí n kí ọ.

Bí o ò bá sì fẹ́ ṣílẹ̀kùn, mi ò ní kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Màá gbé ife rẹ sẹ́nu ọ̀nà fún ọ, màá sì padà sílé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ̀bi,
Anfisa.